«Jour J»: ọjọ́ tí àwọn ológun kò fẹ́ dárúkọ

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ ra aṣọ ẹbí ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́. Mo bá ìyá tó ń ta aṣọ náà lórí fóònù, ó ń bá aránṣọ kan jà. Yorùbá ló ń sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ Faransé kan wà láàárín rẹ̀ tó ń pè léraléra: «O ti gbọ́, n kò fẹ́ ẹjọ́ ní jour J o! Jour J kọ́ ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá bọ́tìnì kiri!»

Nígbà tó sọ fóònù kalẹ̀, mo kí i, mo sì bi í pé: «Màmá, ẹ má bínú o. J tó wà nínú jour J yẹn, kí ló dúró fún?»

Ó wò mí títí. Ó ní: «Ọmọ mi, ìwọ tí o lọ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn lo ń bi èmi tí mò ń ta aṣọ? Ọjọ́ tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ ni. Ọjọ́ náà gan-an.»

Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó, mo lọ. Nígbà tí mo délé tí mo wá ìwé kà, mo rí i pé ìyá yìí ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. «Ọjọ́ náà gan-an»: ìtumọ̀ J kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé inú ogun ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, pé ẹnà àwọn ológun ni kó tó di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ìdánwò, àti pé àwọn ọmọ Dahomey tí Faransé kó lọ sójú ogun ní jour J tiwọn, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dárúkọ.

Lẹ́tà tí kò ní ìtumọ̀ ìkọ̀kọ̀

J ni lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ jour, ìyẹn ọjọ́, ní èdè Faransé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní D-Day, nítorí pé D ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ń pe ọjọ́. Bákan náà ni ti wákàtí. Heure H ni Faransé ń pè é, H-Hour ni Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá jẹ́ pé àwọn jagunjagun Yorùbá ló dá a sílẹ̀ ni, à bá máa pè é ní Ọjọ́ Ọ àti Wákàtí W. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kàn pè lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní D dúró fún débarquement, ìyẹn ìgbà tí ọmọ ogun ń ti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun. Àwọn mìíràn ní ọjọ́ ìpinnu ni, tàbí ọjọ́ ìdáǹdè. Kódà ní ọdún 1964, ẹnìkan kọ̀wé sí Eisenhower, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó darí ìjà Normandy, láti bi í léèrè. Olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Robert Schulz, ló dá onítọ̀hún lóhùn. Ó ní gbogbo ìjà tí a bá gba orí omi lọ jà ló ní ọjọ́ ìgbéra tirẹ̀, àti pé ìgékúrú ọjọ́ ìgbéra yìí ni D-Day.

Àlàyé yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé àwọn ológun fúnra wọn kò tì í lẹ́yìn. Ọdún 26 ṣáájú ìjà Normandy ni wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ìjà orí ilẹ̀, níbi tí kò sí ọkọ̀ ojú omi kankan. A óò dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Iṣẹ́ tí lẹ́tà náà ń ṣe

Ogun ńlá kì í ṣe ohun tí a ń jí lówùúrọ̀ kan lọ jà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń tò ó: ta ni yóò kọ́kọ́ lọ, ọkọ̀ wo ni yóò kó oúnjẹ, ìgbà wo ni epo àti oògùn yóò tẹ̀lé e. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ọjọ́ tí ìjà yóò bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má baà fi àyè sílẹ̀ lófìfo, wọ́n á kọ lẹ́tà J síbẹ̀.

Láti ara J yẹn ni wọ́n ti ń ka ohun gbogbo. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni J-1, èyí tó tẹ̀lé e ni J+1. Wákàtí H náà rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ lè sọ pé kí àwọn ìbọn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú H, kí àwọn tó ń gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ ní wákàtí kan lẹ́yìn H, kí oúnjẹ tuntun dé ní J+2. Gbogbo rẹ̀ á ti wà létòlétò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ oṣù tàbí ọjọ́.

Àwa tí à ń ná ọjà ọrọọrún mọ irú ìṣirò yìí dáadáa, àmọ́ tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Àwa a máa ka òní mọ́ ọn. Bí ọjà bá bọ́ sí òní, tí a sì ní ó di ọrún, òní ni ọjọ́ kìíní, ọ̀la ni ìkejì, ọ̀túnla ni ìkẹta, títí a ó fi dé ọjọ́ karùn-ún. Ológun kì í ka ọjọ́ J fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkíní. Nítorí náà, bí òní bá jẹ́ J, ọrún tiwa ni J+4 tiwọn. Ẹni tó bá da ìṣirò méjèèjì pọ̀ yóò dé ọjà lọ́jọ́ tí àtẹ ti tú.

Àǹfààní tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Èkíní ni àṣírí. Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Bí ọ̀tá bá mọ ọjọ́ tí ogun ń bọ̀, yóò ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Àmọ́ bí ìwé tí a kọ J sí bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kò ní mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é.

Èkejì ni pé ó rọrùn láti sún. Bí òjò bá dé, bí ọkọ̀ bá pẹ́, wọ́n á kàn gbé J lọ sí ọjọ́ mìíràn, ohun gbogbo yòókù á sì tẹ̀lé e.

Ẹ̀kẹta ni pé gbogbo ènìyàn ń ka ọjọ́ láti ojú kan náà. Àwọn tó wà lórí omi, àwọn tó wà lókè nínú bàlúù, àwọn tó ń rìn lórí ilẹ̀, kò sí ẹni tó ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí ìyá alásọ yẹn ń sọ fún aránṣọ náà nìyẹn: ìyàwó, alásè, onílù, aránṣọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn fi ojú sí.

Ọjọ́ Z ní Somme, ọjọ́ D ní Saint-Mihiel

Ogun Àgbáyé Kìíní ni irú ẹnà yìí ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1916, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń múra láti kọlu àwọn Jámánì ní ẹ̀bá odò Somme, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Faransé. Wọ́n fi lẹ́tà sọ àwọn ọjọ́ náà lórúkọ: U, V, W, X, Y. Ní ọjọ́ márùn-ún wọ̀nyí ni ìbọn ńlá yóò máa dún. Ọjọ́ kẹfà, tí àwọn ọmọ ogun yóò jáde kúrò nínú kòtò wọn, ni wọ́n pè ní Z.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn ní ọjọ́ U, tó bọ́ sí ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà. Ó yẹ kí Z bọ́ sí ọjọ́ 29. Àmọ́ òjò rọ̀, ilẹ̀ bàjẹ́, wọ́n sún ìjà síwájú ní ọjọ́ méjì. Lẹ́tà wo ni wọ́n fẹ́ pe ọjọ́ méjì tó yọ sáàárín Y àti Z? Kò sí lẹ́tà níbẹ̀. Wọ́n wá pè wọ́n ní Y1 àti Y2. Z dé ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ní aago 7:30 òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 19,240 ti kú.

Ẹ rí àléébù tó wà nínú kíkà láti U dé Z: bí ọjọ́ bá gùn ju bí a ṣe rò lọ, lẹ́tà á tán mọ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá mú lẹ́tà kan ṣoṣo, tó sì ń ka iye ọjọ́ síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀, kò lè kó sínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe nìyẹn ní ọdún 1918. Ọ̀gágun Pershing ló ń darí wọn ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn Jámánì ti gba agbègbè Saint-Mihiel láti ọdún 1914, Pershing sì fẹ́ lé wọn kúrò. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1918, ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ àkọ́kọ́ gbé ìwé àṣẹ kẹsàn-án jáde. Ìwé náà sọ pé wọn yóò kọlu ọ̀tá ní wákàtí H, ní ọjọ́ D. Ìwé yìí ni àwọn òpìtàn sábà ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ibi àkọ́kọ́ tí a ti rí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó yá, D di ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, H sì di aago 5 ìdájí. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ja ìjà náà. Kò sí ọkọ̀ ojú omi tó gbéra láti ibì kankan.

Bí J ṣe di ọjọ́ kan ṣoṣo lójú ayé

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ogun Hitler pé ọjọ́ wo ni jour J, púpọ̀ nínú wọn yóò dáhùn kíákíá: ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ọdún 1944, ní Normandy.

Jámánì ti gba ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1940. Àwọn tó ń bá Jámánì jà, ìyẹn Amẹ́ríkà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti àwọn alájọṣe wọn, fẹ́ gba orí òkun wọlé. Overlord ni orúkọ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fún gbogbo ètò náà. Yíyan ọjọ́ kò rọrùn. Wọ́n fẹ́ òṣùpá lóru, kí àwọn tí yóò fi agbòòrùn ńlá já bọ́ láti inú bàlúù lè ríran. Wọ́n fẹ́ kí omi òkun ti fà sẹ́yìn ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́, kí àwọn irin àti igi tí àwọn Jámánì rì mọ́ etíkun lè hàn síta. Nínú oṣù náà, ọjọ́ 5, 6 àti 7 ló bá gbogbo rẹ̀ mu. Eisenhower mú ọjọ́ 5.

Ìjì dé. James Stagg, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó ń darí àwọn tó ń wo ojú ọjọ́, sọ fún un pé òkun kò ní gbà wọ́n. Àwọn ọkọ̀ kan ti wà lójú omi, wọ́n ní kí wọ́n padà. Ní alẹ́ ọjọ́ 4, Stagg tún wá, ó ní ìjì náà yóò rọlẹ̀ díẹ̀ fún àkókò kúkúrú. Ní ìdájí ọjọ́ 5, Eisenhower ní kí wọ́n máa lọ. J kúrò ní ọjọ́ 5, ó bọ́ sí ọjọ́ 6. Kò sì di dandan kí wọ́n tún gbogbo ìwé àṣẹ kọ, nítorí pé J ló wà nínú wọn.

Kódà wákàtí H kò jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn. Etíkun márùn-ún ni wọ́n gúnlẹ̀ sí: Utah, Omaha, Gold, Juno àti Sword. Ní agbègbè yẹn, ìwọ̀-oòrùn ni omi òkun ti ń kọ́kọ́ kún. Nítorí náà, aago 6:30 òwúrọ̀ ni H ti Utah àti Omaha tó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ti Gold àti Sword jẹ́ aago 7:25, ti Juno sì tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n kọ, àmọ́ omi òkun ló sọ ohun tó túmọ̀ sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ ojú omi tó kópa súnmọ́ 7,000. Ọmọ ogun tó wọ Normandy lọ́jọ́ náà, láti orí omi àti láti òfuurufú, tó nǹkan bí 156,000. Àwọn tó kú nínú wọn lọ́jọ́ kan yẹn lé ní 4,400.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Kí ìjà náà tó bẹ̀rẹ̀, Eisenhower kọ ìwé kékeré kan sínú àpò rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí wọn kò bá rọ́nà wọlé, òun nìkan ló jẹ̀bi. Nígbà tó fẹ́ kọ ọjọ́ sí i, oṣù Keje ló kọ dípò oṣù Kẹfà. Ọ̀gá tó ti ń gbé J kiri lórí fún ọ̀pọ̀ oṣù ṣi oṣù kọ. Ẹ wò ó bí ọkàn rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ náà.

Orúkọ tú, lẹ́tà kò tú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí lẹ́tà lásán fi dára ju orúkọ lọ fún àṣírí, ẹ gbọ́ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1944. Ìwé ìròyìn Daily Telegraph máa ń tẹ eré tí Faransé ń pè ní mots croisés, níbi tí òǹkàwé ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò kọ sínú àwọn àpótí kéékèèké. Láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ Utah jáde nínú eré náà. Omaha tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni Overlord, Mulberry tí í ṣe orúkọ èbúté àtọwọ́dá tí wọ́n fẹ́ gbé lọ, àti Neptune tí í ṣe orúkọ iṣẹ́ ojú omi. Orúkọ ìkọ̀kọ̀ ni gbogbo wọn.

Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ bá ẹni tó ń ṣe eré náà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni, Leonard Dawe lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè títí, wọn kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1984, ọ̀kan nínú àwọn tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé Dawe máa ń ní kí àwọn ọmọ bá òun wá ọ̀rọ̀ sínú àpótí, àti pé àwọn ọmọ náà ti gbọ́ àwọn orúkọ yìí lẹ́nu àwọn sọ́jà tó pàgọ́ sí tòsí ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

Orúkọ a máa tú, nítorí pé orúkọ ní ohun tí ènìyàn lè dì mú. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ «ọjọ́ D» lẹ́nu sọ́jà, kí ni yóò fi ṣe? Kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tó lè jí.

Lẹ́yìn ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà, ìwé ìròyìn àti rédíò gbé D-Day kiri ayé, ó wá di pé orúkọ ọjọ́ kan ni. Àwọn ológun fúnra wọn rí ìṣòro tó wà nínú èyí. Nígbà tí MacArthur fẹ́ gúnlẹ̀ sí Leyte, ní ilẹ̀ Filipínì, ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, A-Day ló pè é, kí àwọn ènìyàn má baà rò pé Normandy ló ń sọ. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, ọdún 1945, L-Day ni wọ́n pe ti Okinawa, ní ilẹ̀ Japan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ kó má baà sọ ọjọ́ kankan ti di ọjọ́ kan ṣoṣo.

Jour J tí àwọn ọmọ Dahomey rí

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Bí a bá fi J sílẹ̀ fún Normandy nìkan, a óò gbàgbé pé gbogbo ìjà ló ní J tirẹ̀. Ìjà tí wọ́n gbà wọ Mòrókò àti Àlùjẹ́ríà ní J tirẹ̀, ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 1942. Ti Sicily, ní Ítálì, jẹ́ ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1943.

Nínú àwọn ọmọ ogun Faransé, àwọn tó gúnlẹ̀ láti orí omi sí etíkun Normandy ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹfà kò pọ̀: 177 ni wọ́n. Ibòmíràn ni wọ́n ti lo àwọn tí wọ́n kó láti Áfíríkà. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, ọdún 1944, ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn Normandy, ẹgbẹ́ ogun kan tí wọ́n ń pè ní 9e Division d'infanterie coloniale gúnlẹ̀ sí erékùṣù Elba, ní Ítálì. Àwọn tirailleurs sénégalais wà nínú rẹ̀. Jour J tiwọn nìyẹn.

Èyí tó tóbi jù ni ti Provence, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. J bọ́ sí ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 1944. H jẹ́ aago 8 òwúrọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, ìyẹn J+1, ni àwọn ọmọ ogun Faransé tí de Lattre de Tassigny ń darí bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Púpọ̀ nínú wọn ló wá láti Áfíríkà, láti Mòrókò, Àlùjẹ́ríà, Túníṣíà àti láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Àwọn tirailleurs wà lára àwọn tó gba ìlú Toulon. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 28, oṣù Kẹjọ, Toulon àti Marseille ti bọ́ lọ́wọ́ Jámánì.

Ẹ tún ọjọ́ yẹn wò: ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ Ìgbàsókè Màríà ni fún àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ọjọ́ ìsinmi ni ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ náà sì ni wọ́n ń ṣe ọdún iṣu tuntun ní Savalou. Ọdọọdún là ń jẹ iṣu, là ń jó lọ́jọ́ náà. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ọjọ́ J àwọn baba wa ni?

Mo rò pé orúkọ tí wọ́n pè wọ́n wà lára ohun tó fà á. Ní Sẹ̀nẹ̀gà ni Faransé ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1857, ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní tirailleurs sénégalais. Nígbà tó yá, gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń kó wọn, Dahomey náà wà níbẹ̀, àmọ́ orúkọ náà kò yí padà. Ọmọ Dahomey lọ, sénégalais ni wọ́n kọ sílẹ̀. Orúkọ yìí ń ṣe iṣẹ́ tí lẹ́tà J ń ṣe: ó bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé J a máa ṣí. Bí ọjọ́ bá pé, gbogbo ayé á mọ̀ ọ́n. Ti tirailleurs sénégalais kò ṣí.

Ohun tó tẹ̀lé e kò sì dára. Nígbà tí òtútù ọdún 1944 ń bọ̀, wọ́n yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun adúláwọ̀ kúrò lójú ogun, wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ Faransé rọ́pò wọn. Wọ́n ní nítorí òtútù ni. Ẹ̀wù ogun tó wà lára àwọn mìíràn nínú wọn ni wọ́n gbà fún àwọn tó rọ́pò wọn. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ní Thiaroye nítòsí Dakar, àwọn tirailleurs tó ti wà ní ìgbèkùn Jámánì tí wọ́n sì dé ilé ń béèrè owó wọn. Ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2024 kí ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpakúpa ni.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, òfin ọdún 1959 dá ti àwọn ológun ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso dúró sójú kan, nígbà tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Faransé ń lọ sókè. Ọdún 2007 ni owó ìfẹ̀yìntì ogun tó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gba. Àwọn tó ti kú kí ọdún yẹn tó dé kò jẹ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ wo ni tiwọn?

Nígbà tí mo padà lọ sí Ouando láti ra aṣọ ìborùn tó kù, mo sọ ohun tí mo kà fún ìyá yẹn. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà kan wà, ancien combattant ni gbogbo ilé ń pè é. Bó bá ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà, àwa ọmọdé a máa kí i bíi sọ́jà, á máa rẹ́rìn-ín. A kò bi í rí pé ibo ló ti jà.»

Mo rò pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí ní ọ̀pọ̀ ilé, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pọ́bẹ̀ dé Atakpamẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnìkan nínú ẹbí yín bá lọ sójú ogun nígbà náà, ẹ wo inú àpótí àtijọ́. Bí livret militaire rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ọjọ́ àti ìlú á wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí oṣù Kẹjọ ọdún 1944 níbẹ̀, pẹ̀lú Toulon tàbí Provence, ẹ ti rí jour J tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ síbi tí àwọn ọmọ yóò ti rí i, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìyá náà ká aṣọ ìborùn mi, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Fóònù rẹ̀ tún dún. Aránṣọ ni. Ó gbé e sétí, ó ní: «Ẹ̀n-ẹ́n, mo ń gbọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta o.»